Fífa Àwọ̀ Kúrò Lójú Inúmidùn

…kò lọ. Mo ti fa gbogbo àwọ̀ kúrò nínú fọ́tò yìí, pupa ò sí mọ́, búlúù ò sí mọ́, ọmọ tí a kó jáde ní Sátidé ti di dúdú àti funfun lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, àmọ́ ohun tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ìyá, lẹ́rẹ̀kẹ́ Inúmidùn, kò lọ. Ṣe ló tún ṣókùnkùn sí i. Bí àbààwọ́n. Rárá… bí àmì ìka.

Kí ló dé tí mo ń pè é ní àmì ìka? Ó ní ilẹ̀kùn ni. Bó ṣe kí mi báyìí ní Sátidé, "Okun, àǹtí," kí n tó dáhùn ló ti ní, "Ilẹ̀kùn ni. Ilẹ̀kùn kíṣìnnì yẹn." Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni, kò parọ́ fún mi rí. Èmi náà ò sì bi í léèrè nǹkan kan rí.

Jẹ́ kí n tún un ṣe.

Àwọn ìlà kéékèèké yìí wà lápá ọ̀tún kọ̀ǹpútà, ọ̀kan fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò ti di dúdú àti funfun lóòótọ́, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò gbàgbé ohun tó jẹ́ pupa tẹ́lẹ̀. Mo fa ìlà pupa wálẹ̀ — Olúwa ò. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dà bí ẹni fi èédú kùn ún. Mo yára fà á sókè. Sókè sí i. Fìlà pupa orí ọmọ ti funfun bí òwú, ètè ìyá rẹ̀ ti ṣá, àmọ́ ó ń lọ… ó ń lọ.

Aago mẹ́rin ni Bọ̀dá Olúbọ̀dé ní òun ń bọ̀ wá gbà á. Gbogbo alùpùpù tó bá dẹwọ́ eré níwájú ṣọ́ọ̀bù ni àyà mi ń já sí. Kí ló ń já mi láyà? Ẹ̀gbọ́n mi ni. Òun ló ra kámẹ́rà fún mi nígbà tí gbogbo ilé ní kí n lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Òun ló fi alùpùpù gbé mi lọ Lọ́kọ́ja lọ kọ́ṣẹ́ yìí. Kò sẹ́ni tí kì í kí i ní Kàbà. Tíṣà tí kì í na ọmọ. Kì í na ọmọ ọlọ́mọ…

Láàárọ̀ yìí ló pè mí. Nínú gbogbo fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ sí i, eléyìí ló mú, torí inú rẹ̀ nìkan ni ọmọ ti lajú. Ó wá ní, "Sọ ọ́ di dúdú àti funfun. Ó máa ń bu iyì kún èèyàn." Mo rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́fà tí mo ti ń yà á, kò dá sí ọ̀rọ̀ àwọ̀ rí, àfi kó ní kí n jẹ́ kó tàn dáadáa. Ta ló wá sọ fún un pé —

Ó mọ̀. Ó mọ ohun tó wà lójú ìyàwó rẹ̀, ó sì mọ ẹni tó lè bá òun pa á rẹ́.

Rárá. Ilẹ̀kùn máa ń gbá èèyàn. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ta ni màá sọ ọ́ fún? Màmá? Mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀: "Miriam, ilé tó bá tòrò, ọmọ àlè ibẹ̀ ni ò tíì dàgbà." Èmi wá ni ọmọ àlè. Àmọ́ lọ́jọ́ tí a mú Inúmidùn wá láti Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀, ọwọ́ mi ni ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ rẹ̀ lé. Ó ní ọmọ òun ò mọ ẹnì kan ní Kàbà, àfi èmi.

Bóyá òmíì wà tí mo lè fi rọ́pò rẹ̀. Mo ṣí èkíní: ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ló kọ sí mi, ó mọ́. Ìkejì, òsì. Nígbà tí wọ́n ń gbàdúrà lé ọmọ lórí, òsì. Nínú gbogbo wọn, òsì, àfi nínú ẹyọ kan yìí tí ọmọ ké tí ìyá rẹ̀ fi yíjú. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì pamọ́ fún mi látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Ta ló ní kó —

"Ìyàwó wa, kọjú sí fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ dára."

Ohùn tèmi ni, láàárọ̀ Sátidé.

Mo fi ìka méjì mú àgbọ̀n rẹ̀, mo yí i. Jẹ́jẹ́. Ó jẹ́ kí n yí i. Fèrèsé yẹn… wọ́n ta aṣọ bò ó lọ́jọ́ náà. Kò sí ìmọ́lẹ̀ kankan níbẹ̀.

Mo ti rí i. Kí n tó gbé kámẹ́rà sójú rárá, mo ti rí i.