Ta Ló Yí Aṣòfin Lọ́kàn Padà?

Ọjọ́ tí Aṣòfin sọ pé òun gbà, yàrá àwọn olùkọ́ ni ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì, ti gbọ́ ọ lórí rédíò, bírò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé òfin náà wá sílé ìgbìmọ̀, pé kí àwọn tó ń gba owó gọbọi máa san owó orí tó ju ti ẹlòmíì lọ, "Mi ò gbà" ni ọkọ rẹ̀ máa ń sọ. Gbogbo ìgbà náà ni Ìyá Ìbejì ń bá a fà á nídìí oúnjẹ, torí òjò ń rọ̀ wọ kíláàsì rẹ̀, ìjọba sì ní kò sówó òrùlé. Ọkọ rẹ̀ á kàn máa jẹun lọ. "Ìwọ tún ti dé," lá wí.

Òfin wọlé. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kí i kú oríire. "Ìwọ lo yí i lọ́kàn padà. Obìnrin bí ọkùnrin ni ẹ́." Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú. Ó mọ̀ pé òun kọ́.

Ó sì mọ ẹni tó jẹ́. Ọmọbìnrin onímọ̀ ìṣúná tí Aṣòfin gbà sí ọ́fíìsì lọ́dún tó kọjá ni, èyí tó máa ń gbé fáìlì wá sílé, tí "Mọ́mì" kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ká sòótọ́, kò sẹ́ni tó bá ọmọ náà àti Aṣòfin níbi tí kò yẹ. Ká ní ọkọ ló fẹ́ gbà ni, Ìyá Ìbejì ì bá mọ bó ṣe máa ṣe é. Ohun tó ń dùn ún ni pé bí ọmọ yẹn bá ti lanu, Aṣòfin á gbé ṣíbí sílẹ̀. Látọjọ́ tí òun ti ń sọ̀rọ̀, ṣíbí yẹn ò dúró rí. Ó ń jowú, kò sì tan ara rẹ̀ jẹ.

Nílé ìgbìmọ̀ wọn, ẹni tó bá yí ìbò rẹ̀ padà gbọ́dọ̀ dìde sọ ìdí. Kò pẹ́, ohùn Aṣòfin tún jáde lórí rédíò.

"Olùdámọ̀ràn mi ló là mí lójú. Ó ní ọmọ tó ga jù ni olùkọ́ máa ń ní kó nu òkè pátákó. Wọn ò fìyà jẹ ẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ló tó o."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Olùkọ́ wo? Pátákó ta ni? Ìyá Ìbejì ti sọ ọ̀rọ̀ yìí nídìí oúnjẹ títí ó fi sú u. Ó sì sọ ọ́ fún ọmọ náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ọmọ náà ń dúró de Aṣòfin ní pálọ̀ wọn. Ló bá gbé báàgì, ó di ọ́fíìsì ọkọ rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Mọ́mì. Ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Ọ̀rọ̀ ta lo lọ sọ fún ọkọ mi?"

"Ọ̀rọ̀ yín ni, mà." Ọmọ náà ò tiẹ̀ jiyàn.

"Kí ló dé tí o ò sọ pé èmi ni mo ni ín?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Mo kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní, 'Mọ́mì sọ pé.' Ọ̀gá ní kí n gbé ọ̀rọ̀ ilé sílẹ̀, ká ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, mo tún un sọ bíi pé tèmi ni. Wọ́n ní kí n dúró, kí àwọn wá bírò." Ó gbójú sókè. "Ẹ má bínú, mà. Mo ṣáà fẹ́ kí òfin náà wọlé."

Ìyá Ìbejì gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó jáde. Ká ní ọmọ náà jí ọ̀rọ̀ náà ni, ì bá sàn fún un.

Nírọ̀lẹ́, Aṣòfin dé tayọ̀tayọ̀, ó jókòó sídìí oúnjẹ. "Wọ́n máa tún òrùlé yín ṣe báyìí. Ọmọ yẹn lórí pípé o. Ìwọ tó o jẹ́ olùkọ́, o ò ronú kan irú ẹ̀ rí."

"Èmi ni mo sọ ọ́, Bàbá Ìbejì. Èmi ni mo sọ ọ́ fún un."

Aṣòfin bu ọbẹ̀ sí i.

"Ìwọ tún ti dé," ó ní, ó sì ń jẹun lọ.