Ìdajì Ọ̀rọ̀ Dókítà

1.
…torí nínú gbogbo ẹbí wa, kò sẹ́ni tí etí rẹ̀ mú tó tèmi. Ogún ọdún ni mo ti fi ń dẹ́rìn-ín pa èèyàn lórí ìtàgé. Kí o tó la ẹnu, mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ ń lọ.

2.
Ohùn tí mo gbà sílẹ̀ sórí fóònù. Ọ́fíìsì dókítà, ọjọ́ Ajé.

DÓKÍTÀ: Iṣan ẹ̀jẹ̀ máa ń ṣe afẹ́fẹ́ kan, náítríìkì ọ́sáìdì. Òun ló ń mú kí iṣan dẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ ráyè kọjá. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣọ́ ọ kó má pọ̀ jù, kó má sì wọ́n jù. Ẹ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ti le gbagidi. Afẹ́fẹ́ náà ti wọ́n nínú ẹ̀. Àmọ́ níta ẹ̀dọ̀…
ÈMI: Dókítà, afẹ́fẹ́ ò wọ́n nílé wọn rí. Ẹ bi ọkọ wọn.
(Ẹ̀rín. Tèmi nìkan.)

3.
Àtẹ̀jíṣẹ́ sí gbogbo ẹbí:

Ẹ fọkàn balẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló wọ́n lára ẹ̀gbọ́n wa. Mo ti ra ìyẹ̀fun tó ń mú un pọ̀, ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń gbé irin. Ṣíbí méjì láàárọ̀, méjì nírọ̀lẹ́.

Ìdáhùn: àtàǹpàkò mẹ́tàdínlógún.

4.
Ara agolo náà:

ÁJÍNÍÌNÌ PỌ́ŃBÉLÉ. IṢAN Ń FI Í ṢE NÁÍTRÍÌKÌ Ọ́SÁÌDÌ.
Aláìsàn kò gbọdọ̀ lò ó láìbi dókítà.

Mo ka èyí tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ.

5.
Ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀gbọ́n mi ṣubú ní balùwẹ̀.

6.
Ohun tí mo máa sọ tí wọ́n bá bi mí:
a) Mi ò mọ̀.
b) Ọkọ wọn ló ń pò ó.
d) Mi ò mọ̀, pẹ̀lú omijé.

7.
Ohùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù.

DÓKÍTÀ: Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ajé. Níta ẹ̀dọ̀, afẹ́fẹ́ yẹn ti pọ̀ jù. Iṣan inú ikùn wọn ti dẹ̀ jọwọrọ. Ẹ̀jẹ̀ ń rọ́ síbẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ń já wálẹ̀. Tó bá já sí i, kíndìnrín á dákẹ́, a ò sì ní lè pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún wọn.
ÈMI: Dókítà, mò ń bọ̀.
(Ìró bàtà mi, mò ń sáré lọ. Lórí ìtàgé, wọn ì bá ti sọ mí lókò.)

8.
Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, lára pátákó ẹsẹ̀ ibùsùn:
aago mẹ́wàá: 86
aago mọ́kànlá: 83
aago méjìlá:

9.
Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ọkọ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

ÈMI: Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo pa yín.
Ẹ̀GBỌ́N: Mi ò tíì kú. Dìde, ilẹ̀ yẹn ò mọ́.
ÈMI: Ìyẹ̀fun tí mo rà…
Ẹ̀GBỌ́N: Mi ò fẹnu kàn án. Ọkọ mi ló ń mu ún.
ỌKỌ WỌN: Ó ń fún mi lókun díẹ̀.
ÈMI: Kí ló wá gbé yín ṣubú?
Ẹ̀GBỌ́N: Àìsàn.