Ìwúkàrà Ilé Bhodoi

Bhodoi tún rí wọn lójú oorun, bàbá arúgbó àti ìyá arúgbó, Gira àti Girasi, òrìṣà tí gbogbo ẹ̀yà Deori ń bọ. Inú ọkọ̀ igi kékeré kan ni wọ́n wà, wọ́n ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú kùrukùru. Láti ìgbà tó ti jẹ́ ìyàwó ilé yìí, bí ọdún Bisu bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n a dé ẹsẹ̀ àkàsọ̀ rẹ̀, wọ́n a gùn ún, wọ́n a mu ọtí ìrẹsì rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá arúgbó náà gbé imú sókè, ó ní, "Kì í ṣe ibí. Òórùn ilé wa kọ́ nìyí." Ọkọ̀ wọn sì kọjá lọ.

Ó jí, ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń gbọ́ ẹlẹ́dẹ̀ lábẹ́ ilé tó dúró lórí òpó, ó ń gbọ́ odò lẹ́yìn ẹlẹ́dẹ̀. Kò mọ èwo ni àlá mọ́, èwo ni òwúrọ̀.

Ohun tó sọnù kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Ìṣù ìwúkàrà gbígbẹ tí wọ́n fi ń pọn ọtí ni, ìyẹ̀fun ìrẹsì àti ewé igbó tí wọ́n gún pọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe tuntun, wọ́n a rún díẹ̀ nínú ti àtijọ́ mọ́ ọn, kí ìyá lè bí ọmọ. Wọ́n ní láti ìlú Sadiya lókè odò ni àwọn baba ńlá ti gbé e wá, lórí ìdì ọparun tó léfòó, nígbà tí wọ́n fi ilé sílẹ̀ tí wọ́n tẹ̀lé odò wá sísàlẹ̀. Ogun jà, ilé jó, ìwúkàrà ò kú. Ọwọ́ Bhodoi ló wá kú sí. Àkúnya èṣí gbé ìdajì ilé lọ, ààrò àti agbọ̀n orí ààrò tí ìwúkàrà wà bá a lọ. Ó ti gbìyànjú láti po òmíràn láìsí ti àtijọ́ tó jẹ́ ìyá, ọtí náà korò kọjá àfẹnusọ.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká tọrọ ti aládùúgbò," Numoli, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Ṣé aládùúgbò ló fẹ́ ẹ sílé ni? Tilé yìí kì í jáde, tìta kì í wọlé. Ìyá ọkọ ló ń fún ìyàwó."

"Èwo lẹ wá fẹ́ fún mi?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Bhodoi wọra.

Kí kùrukùru tó ká, Maghi dé láti òdìkejì odò pẹ̀lú akèrègbè ọtí. Àbúrò obìnrin sí olóògbé ọkọ Bhodoi ni, òun náà ti darúgbó. Lọ́jọ́ tí Maghi ń lọ ilé ọkọ, ó dúró sẹ́sẹ̀ àkàsọ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ìwúkàrà díẹ̀. Bhodoi dúró lókè, ó ní ọmọbìnrin tó ń lọ ilé ọkọ kì í kó ilé baba rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, eyín lásán ni wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín síra wọn.

Maghi bu ọtí fún un. Bhodoi mu ún. Ó dùn, èéfín sì ń bẹ nísàlẹ̀ adùn náà, ó sì rí ìyá ọkọ rẹ̀ nídìí ààrò, ó rí ara rẹ̀ ní ìyàwó tuntun tí ojú ń tì.

"Maghi! Níbo lo ti rí eléyìí?"

"Ibi tí mo ti jí i ni."

"Olè!"

"Olè ni mí. Abẹ́ aṣọ ni mo fi í sí lọ́jọ́ tí mò ń lọ ilé ọkọ. Ẹ dì mọ́ mi, ẹ ń sunkún pé mò ń lọ, èmi ń gbọ̀n kẹ́ ẹ má gbóòórùn ẹ̀!"

Numoli fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa á.

"Fún mi níbẹ̀," ni Bhodoi wí.

"Ibí kọ́ ni wọ́n ti ń tọrọ ẹ̀, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ sẹ́sẹ̀ àkàsọ̀."

Bhodoi sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀, sáàárín ẹlẹ́dẹ̀, Maghi sì fọwọ́ lé ìbàdí lókè àkàsọ̀.

"Maghi, ọmọ onílé, jọ̀ọ́. Mo ṣẹ̀ ọ́. Àwọn arúgbó méjèèjì ti ń kọjá ilé mi."

Ọ̀rọ̀ tí Bhodoi sọ fún un lọ́jọ́ tó ń lọ ilé ọkọ ni Maghi ti tọ́jú láti dá padà fún un. Ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ náà kọ̀, ẹkún ló jáde.

"Ẹ̀yìnkùlé ni mo máa ń bu ọtí àwọn arúgbó náà sí," ó wí. "N ò lè pè wọ́n wọlé wá mu ohun tí mo jí." Ó tú aṣọ kan, ó na ìṣù náà sísàlẹ̀. "Gbogbo ẹ̀ nìyí. Ṣùgbọ́n ẹ fún mi ní díẹ̀ mú lọ, kí n má jí i mọ́."

Bhodoi fi orúnkún ṣẹ́ ìṣù náà. Ìlàjì tó tóbi ló na padà sókè fún Maghi, ó gun àkàsọ̀ padà, ó fi èyí tó kù sọ́wọ́ Numoli.

"Bu ọtí Maghi sídìí ààrò fún àwọn arúgbó méjèèjì," ó wí, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Kó o sì fọ àkàsọ̀ yìí. Mo ti kó ẹrẹ̀ bá a. Àgbàlagbà ló ń bọ̀, ẹsẹ̀ wọn á yọ̀."