Ògiri Tí Adìẹ Gbémiga Jẹ

Ẹni tó bá ní sùúrù lè bá ewúrẹ́ gbé. Ti adìẹ yàtọ̀. Akínbọ̀wálé wà nínú yàrá, ó ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ògiri: ko, ko, ko. Adìẹ Gbémiga tún ti dé.

Yàrá tí ìyá rẹ̀ ń sùn, nínú agboolé wọn ní Ìsìkàn, ìwọ̀-oòrùn ló kọjú sí. Oòrùn ọ̀sán á máa dáná sun búlọ́ọ̀kù rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Iná kò sí, epo jẹnẹrétọ̀ ti di ohun olówó, fáànù wá di ohun tí wọ́n ń fi ojú wò lásán. Ẹ̀jẹ̀ Màmá sì ń ru. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ pé ooru kò dára fún un. Yéjídé, àbúrò Akínbọ̀wálé tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, tó ń ṣe tíṣà ní Oǹdó, ti sọ tirẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, bí ooru bá tún gbé Màmá ṣubú nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí, mo máa wá gbé wọn lọ sọ́dọ̀ mi. Ẹ má bínú."

Akínbọ̀wálé bínú. Òun ni àkọ́bí. Ta ni yóò gba ìyá lọ́wọ́ àkọ́bí? Lébìrà ni níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, ó sì ti rí i lọ́nà Ọdà bí wọ́n ṣe ń lẹ fóòmù funfun mọ́ ògiri kí ooru má bàa wọlé, tí wọ́n á wá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Ó ṣa fóòmù tí àwọn tó ń ta fìríìjì ní Arákàlẹ̀ dà nù, ó rù ú wálé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri Màmá láti ìta. Ooru dín kù lóòótọ́. Màmá sun oorun ọ̀sán, ó hanrun pàápàá. Ó wá ku sìmẹ́ǹtì. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì ọdún náà ń sá fún tálákà ni: bí ó bá ti tu owó jọ, owó ọjà á ti tún gòkè. Fóòmù wà níhòòhò bẹ́ẹ̀.

Gbémiga jẹ́ ọmọ bàbá rẹ̀. Ìyàwó kejì ló bí i. Ilé wọn kọjú síra. Tẹ́lẹ̀, inú ilé onínẹ́ẹ̀tì ni Gbémiga ń sin adìẹ rẹ̀ sí. Nígbà tí oúnjẹ adìẹ gbówó lórí tán, ó ṣílẹ̀kùn fún wọn pé kí oníkálukú lọ wá ti ẹnu rẹ̀. Ògiri Màmá ni wọ́n rí. Wọ́n ń ṣa fóòmù jẹ bí ẹni ń ṣa ìrẹsì.

Ẹlòmíràn á kàn kọjá sí òdìkejì, á ní, "Gbémiga, kó adìẹ rẹ." Ṣùgbọ́n Akínbọ̀wálé kì í bá Gbémiga sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, bàbá wọn yọ Akínbọ̀wálé kúrò ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó mú un lọ sóko ní Ilú-Àbọ̀, kí owó ìwé Gbémiga lè pé. Ìyẹn, ó ti gbé e mì. Èyí tó há a lọ́fun ni ọ̀rọ̀ tí Gbémiga sọ níbi ìpàdé ẹbí lẹ́yìn tí wọ́n sin bàbá: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí àwọn tó kàwé sọ̀rọ̀ ná." Láti ọjọ́ náà ni ẹnu ti pa dé.

Àmọ́ kò sí agboolé tí ẹni tó ń bínú kì í ti í rí ẹranko bá wí.

"Ìwọ adìẹ aláìlẹ́kọ̀ọ́ yìí!" Akínbọ̀wálé kígbe láti ẹnu ọ̀nà. "Ṣé wọn kì í fún ọ lóúnjẹ nílé yín ni? Àwọn olówó rẹ kàwé títí, wọn ò mọ adìẹ í bọ́!"

Wúrà, ìyàwó Gbémiga, ń gbálẹ̀. Ìyàwó ilé kì í bú ẹ̀gbọ́n ọkọ, ṣùgbọ́n ta ló ní kó má bá adìẹ rẹ̀ sọ̀rọ̀?

"Adìẹ mi, má dá wọn lóhùn o," ó ní. "Ṣé ìwọ lo ní kí wọ́n gbé aṣọ fìríìjì wọ ilé ni? Bí ebi bá ń pa ọ́, tí o rí fìríìjì, ṣé o ò ní ṣí i?"

Màmá rẹ́rìn-ín láti inú yàrá. Akínbọ̀wálé kò rẹ́rìn-ín.

Ní ìrọ̀lẹ́, Gbémiga fúnra rẹ̀ kọjá wá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Nẹ́ẹ̀tì ilé adìẹ mi wà nílẹ̀ lásán. Ẹ jẹ́ kí n bá yín kàn án bo ògiri yẹn dé ìbàdí, ẹnu wọn ò ní kan fóòmù mọ́. Torí Màmá ni."

Ọ̀rọ̀ náà dára. Akínbọ̀wálé mọ̀ pé ó dára, ìyẹn gan-an ló sì bí i nínú. Ó wo àkùkọ kan tó ń kọjá lọ. "Àkùkọ, sọ fún olówó rẹ pé kó fi nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pẹja jẹ. Ẹni tí kò kàwé náà ní ọpọlọ."

"Bọ̀wálé," Màmá pè é láti inú yàrá, "gba nẹ́ẹ̀tì náà."

"Màmá, ẹ sinmi."

Ata ni ọpọlọ rẹ̀ bá a mú wá. Ohun tó ń ta ènìyàn lẹ́nu, kí ló dé tí kò ní ta adìẹ? Ó lọ ata gbígbẹ kúnná. Nítorí pé ata nìkan kò lè lẹ̀, ó po ògì tó ki dáadáa, ó ro ata pọ̀ mọ́ ọn, ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún láti ìsàlẹ̀ dé abẹ́ fèrèsé. Ó ń súfèé bó ti ń kùn ún.

Kó tó fọ ọwọ́ rẹ̀ tán, adìẹ ti pé. Ata kì í ta adìẹ, ògì sì rèé, àgbàdo ni. Kódà àwọn tí kò wá rí, àwọn ti ilé kejì, wọ́n tẹ̀lé wọn wá.

"Ẹ̀yin adìẹ, ẹ kí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi o!" ni Wúrà ń wí, ẹ̀rín ń pa á, ó di ìhà mú. "Wọ́n ti se ẹ̀kọ fún yín. Ẹ ní kí wọ́n wá àkàrà sí i!"

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn mú, ògì náà gbẹ, ó ń fọ́ yẹ́lẹ́yẹ́lẹ́. Akínbọ̀wálé ti lọ síbi iṣẹ́. Atẹ́gùn ọ̀sán dìde, adìẹ ń fi ẹsẹ̀ tan ìdí ògiri, ìyẹ̀fun ata sì gba ojú fèrèsé wọlé bá Màmá. Ó wúkọ́ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ó ti fèrèsé, ooru dé mọ́ ọn. Níbi tó ti ń wá ilẹ̀kùn ló ṣubú sí.

Nígbà tí Akínbọ̀wálé dé, abẹ́ igi máńgòrò ló ti bá Màmá, nínú àga Gbémiga. Wúrà ń fi omi tutù nu ojú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá adìẹ wí.

Yéjídé dé láti Oǹdó ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé e. Ó fi ìka ha ògiri, ó gbé e sí imú, ó sín.

"Ẹ̀gbọ́n, ata lẹ fi kun ojú fèrèsé ìyá wa?"

"Adìẹ ló fà á."

"Adìẹ ló lọ ata?"

Gbémiga gbé mọ́tò rẹ̀ wá, wọ́n gbé Màmá sẹ́yìn. Yéjídé kó ẹrù síwájú. Àyè kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá.

"Bọ̀wálé, wọlé wá jókòó tì mí," Màmá wí. "Ẹ̀yìn mi ò lè dá dúró."

Akínbọ̀wálé wo àyè náà. Ó wo ọwọ́ Gbémiga lórí ìdarí ọkọ̀, ọwọ́ tí kò di ọkọ́ mú rí.

"Ẹ máa lọ, Màmá. Màá wọ mọ́tò èrò tẹ̀lé yín."

"Pẹ̀lú mọ́tò tó wà níbí?"

"Màá tẹ̀lé yín."

Wúrà ló ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀ tó wọlé. Ó gbé orí Màmá lé àyà rẹ̀, wọ́n sì lọ.

Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí Yéjídé tó pè é. "Màmá ti ń jẹun. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí lọ́sàn-án, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń wò. Ìgbà wo lẹ ń bọ̀?"

Ìta ni Akínbọ̀wálé wà, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù lọ́wọ́. "Jẹ́ kí n parí ògiri yìí ná."

"Ògiri ta ni, ẹ̀gbọ́n?"

Ó pa fóònù. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú fóòmù mìíràn, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ búlọ́ọ̀kù títí tó fi lẹ̀.