Ilá Ignatius àti Iyọ̀ Ẹ̀yìnkùlé

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Agatha gbin ilá ọkọ rẹ̀ lọ́dún 1992 yẹn, ní Ùṣò. Ìgbà àkọ́kọ́, hóró kan ò yọjú. Nígbà tó fìka tú ilẹ̀, ó bá wọn níbẹ̀: wọ́n wú díẹ̀, wọn ò là, wọ́n ti ń rà. Ìgbà kejì, mẹ́ta hù. Ewé wọn ò ju èékánná lọ, etí ewé náà sì gbẹ bí ohun tí iná jó. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, wọ́n ti sùn sílẹ̀.

Ó wá ku ilá gbígbẹ kan ṣoṣo lókè ààrò. Ignatius ló fọwọ́ ara rẹ̀ so ó mọ́bẹ̀, kí paramọ́lẹ̀ tó bù ú ṣán lẹ́yìn ilé ìdáná. Bí èyí náà bá ṣòfò, ilá Ignatius tán nìyẹn.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín, Agatha ò kọjá ilé ìdáná mọ́. Ẹnì kan ló sọ fún un níbi òkú pé ejò kì í sọdá iyọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, ó ń bu iyọ̀ yí ilé ká, ọdún kẹta rèé. Inú àyíká iyọ̀ náà ló kọ ebè sí, torí ibẹ̀ nìkan lẹsẹ̀ rẹ̀ gbà á dé. Fúnmiọlá, ọmọ rẹ̀, wà ní Àkúrẹ́, kì í sábà wálé. Lọ́jọ́ mìíràn, àfi adìyẹ tó bá kí láàárọ̀, kò tún bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Lọ́jọ́ kan, Sàlímọ́tù, ará Àkókó tó ń gbé ilé kejì, wá ewúrẹ́ rẹ̀ wá.

"Ìyá Fúnmi! Ẹ wá wo ewúrẹ́ mi, ilẹ̀ ló ń jẹ!"

"Lé e jàre. Ojoojúmọ́ ló ń lá ebè mi. Ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí."

"Kí ló ń bà yín lẹ́rù? Ewúrẹ́ náà ti di àǹjọ̀nú?" Sàlímọ́tù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi yẹ̀pẹ̀ bíńtín kan ahọ́n, ó tu ú dànù. "Háà, iyọ̀! Ìyá Fúnmi, ṣé ilá lẹ gbìn ni, àbí ọbẹ̀?"

Agatha ò rẹ́rìn-ín. Ó wo bí ilẹ̀ ṣe da gẹ̀rẹ́ láti ìdí ògiri wá sínú ebè. Òjò. Gbogbo ohun tó ń bù sílẹ̀, òjò ló ń wọ́ ọ wá síbí.

"Bí ẹ bá fiyọ̀ sẹ́ja, ṣe bí omi ara ẹ̀ ń ro jáde?" ni Sàlímọ́tù wí. "Abájọ tí ilá yín ò fi hù, hóró náà ò rómi mu ni. Ẹ kó èyí tó kù wá, n óò gbìn ín sí oko mi."

"Rárá."

"Ẹ̀yin tẹ́ ò lè dé ẹ̀yìn ilé ìdáná?"

"Mo ní rárá."

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí oòrùn ti là dáadáa, Agatha mú ọ̀pá, ó mú ọkọ́ àti ilá tó kù lókè ààrò. Ó ń na ilẹ̀, ó ń gbẹ́sẹ̀ kan, ó tún ń na ilẹ̀, títí tó fi kọjá iyọ̀, tó dé ibi tí Ignatius ṣubú sí. Hóró mọ́kànlá ló rì mọ́lẹ̀. Ó sáré padà, ó gbàgbé ọkọ́ síbẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́fà ló fi ń yọjú wo ibẹ̀ láti ojú fèrèsé. Lọ́jọ́ keje, ó na ilẹ̀ lọ. Mẹ́sàn-án hù, ewé wọn nípọn, wọ́n nàró.

"Ẹ káàárọ̀," ló wí fún wọn.

Nírọ̀lẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ti gbé abọ́ iyọ̀ dé ẹnu ọ̀nà kó tó rántí. Láti ibẹ̀ yẹn náà, ilẹ̀ da gẹ̀rẹ́ lọ bá ilá náà. Òjò sì ń ṣú. Ó da iyọ̀ padà sínú àpò, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi àkísà dí abẹ́ rẹ̀ nítorí ejò, ó sì jókòó, kò gbé ojú kúrò lára àkísà náà.