Wọ́n Dìbò Pé Kí Ẹnjiníà Kú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bá tẹlifíṣọ̀n jà, tẹ́ ẹ máa ń pariwo pé "Má wọlé síbẹ̀, ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn!" bí ẹni pé òṣèré ń gbọ́ yín, ẹ̀yin ni mo wá bá. Ẹ má wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yin náà ni.

Eré kan wà nígbà kan, eré ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èrò sọdá odò. Kò sílé tí wọn ò ti ń wò ó. Ọ̀gá ọkọ̀ wà níbẹ̀, arẹwà tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, Ẹnjiníà náà wà níbẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó máa ń fi àkísà nu ọwọ́ ṣáá. Lọ́jọ́ kan, Ẹnjiníà ní òun fẹ́ lọ wo ẹ́ńjìnnì nísàlẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀. Kò gòkè mọ́. Kò sẹ́nì kan ṣoṣo nínú ọkọ̀ tó béèrè ẹ̀! Àwọn kan ní òṣèré yẹn ló rí iṣẹ́ síbòmíì. Èmi ò mọ̀ o, ẹnu ló sọ fún mi.

Alágbàfọ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtura ló gbé Ẹnjiníà gòkè padà. Obìnrin tí ooru áyọ́ọ̀nù ti jẹ irun ọwọ́ ẹ̀ tán, tó lè ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì ẹlẹ́ni méjì lóun nìkan, tí igun ò ní yẹ̀ lórí igun. Nígbà ìsinmi ọ̀sán, á jókòó sórí òkìtì àpò ìrọ̀rí tó ṣì ń gbóná, á yọ fóònù, á máa tẹ̀ ẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ kọ nìyí: "Ẹnjiníà gòkè wá, ó nu ọwọ́, ó ní, 'Ẹ̀yin ará yìí, ẹ ò tiẹ̀ wá mi.'" Ó gbé e sí ibi kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí àwọn tó fẹ́ràn eré yẹn ti máa ń kọ ìtàn tiwọn lé e lórí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, èrò ti pé lé e.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí èrò ò mọ̀ fún yín. Ọkọ alágbàfọ̀ ti kú. Oníná ni, ọkùnrin tó ń gun òpó iná bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn ilé bàbá ẹ̀. Ẹnjiníà tó gòkè wá yẹn, ojú ti tẹlifíṣọ̀n ló ní, àmọ́ ẹnu oníná ló fi ń sọ̀rọ̀. Bó ṣe máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí omi tútù kó tó mu ún, ti oníná ni. Bó ṣe máa ń pe ìyàwó ẹ̀ ní "ọ̀gá àgbà", ti oníná ni. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni obìnrin yìí ń bá ọkọ ẹ̀ ṣeré, tí àwọn tí ò mọ̀ ọ́n rí sì ń pàtẹ́wọ́. Ta ni ò ní fẹ́ ìyẹn?

Òfin kan ló ṣe fún ara ẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, á bi àwọn òǹkàwé pé kí ló kàn. Wọ́n á dìbò. Ohun tí wọ́n bá mú, ìyẹn ló máa kọ, kò sí pé ọwọ́ ń dùn mí. Ṣé kí Ẹnjiníà kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́? Á kọ́ ọ. Ṣé kó gun òpó ọkọ̀? Á gùn ún. Ṣé kó bá ọ̀gá ọkọ̀ jà? Á bá a jà. Ẹnikẹ́ni tó bá sì lẹ́nu lè kọ ọ̀rọ̀ tó bá wù ú sábẹ́ ẹ̀.

Àbúrò ẹ̀, onídìrí tí wọ́n jọ ń gbé, ò fẹ́ràn ètò yìí rárá.

"Àǹtí mi, ẹ ti ibi tí wọ́n ti ń fèsì yẹn pa. Ẹ kọ ìtàn yín, kí wọ́n kà á, kí wọ́n máa lọ sílé wọn. Oníbàárà tó jókòó síwájú mi lè sọ irú irun tó fẹ́, àmọ́ kò lè gba kóòmù lọ́wọ́ mi."

"Ìwọ, orí wọn ni wọ́n gbé wá fún ẹ. Èmi, ta ló bẹ̀ mí níṣẹ́? Tí wọn ò bá fèsì, ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀? Ògiri?"

"Ògiri kì í bú èèyàn."

"Ògiri kì í rẹ́rìn-ín náà."

 Àbúrò mọ̀ pé láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ oníná ti ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ yẹn nìkan lẹ̀rín ti ń jáde lẹ́nu ẹ̀gbọ́n òun. Òǹkàwé kan tiẹ̀ wà tó ń jẹ́ Mo Ń Kà. Kì í sọ nǹkan kan. Ìtàn tuntun ò ní tíì tutù, á ti fi àwòrán fìtílà kékeré kan síbẹ̀. Alágbàfọ̀ máa ń wá fìtílà yẹn kó tó wo ti ẹlòmíì.

Àmọ́ ẹ̀yin èrò, ẹ ṣé e fọkàn tán? Ẹnjiníà bẹ̀rẹ̀ sí í sú wọn.

"Kí ni bàbá yìí ń fẹ́ omi tútù fún? Ṣé orí ẹ̀ pé?"

"Jẹ́jẹ́ ẹ̀ ti pọ̀ jù, bí ìgbín tó ń lọ sílé àna!"

Ọ̀kan wà tó pe ara ẹ̀ ní Orúnkún Ewúrẹ́, ẹ ò ṣìgbọ́, òun ló kọ ọ́ pé: "Ẹ pa á! Ẹ pa á kí n rí nǹkan sunkún sí!" Ó wá to àwòrán ẹ̀rín jọ sẹ́yìn ẹ̀.

Nígbà tí Jímọ̀ dé, wọ́n ní kó fi ikú sínú ìbò.

"Ẹ má fi sí i," àbúrò sọ bẹ́ẹ̀, kóòmù wà lẹ́nu ẹ̀.

"Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀. Wọn ò ní mú un."

Ó fi sí i. Ìbò ń lọ, ó ń bọ̀, ìyè ń lé ikú, ikú ń lé ìyè. Ìgbà yẹn ni Mo Ń Kà, tí ò la ẹnu rí, kọ ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀: "Ẹ jẹ́ kó sinmi." Ó dà bí ìgbà téèyàn fa èdídí yọ nínú àgbá omi. "Ọ̀rọ̀ àgbà!" "Ó yẹ kó sinmi lóòótọ́!" Ikú wọlé, ó gbá wọn mọ́lẹ̀.

"Ẹ má kọ ọ́," àbúrò ní. "Ta ló máa mú yín? Ọlọ́pàá ìtàn?"

"Mo ti ṣèlérí."

"Fún ta ni? Fún Orúnkún Ewúrẹ́?"

Alágbàfọ̀ gbé fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ó gbìyànjú láti fi iná pa Ẹnjiníà, iná ò ràn. Ó gbìyànjú ìjì, ìjì ò jà. Ikú kan ṣoṣo ló mọ̀, ìyẹn náà ló wá kọ. Ẹnjiníà fẹ́ pààrọ̀ gílóòbù ilé ìdáná. Ó gun àpótí kékeré kan. Àpótí yọ̀. Ó ṣubú, ó fúnra ẹ̀ dìde, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n fún òun lómi. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ó ní, "Ọ̀gá àgbà, má sọ fún ìyá mi pé orí àpótí ni mo ti já. Á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí n ó fi darúgbó." Ó gbé ife sílẹ̀, ó sì gbé orí lé tábìlì. Ó parí.

Ẹ gbọ́ èsì.

"Irọ́ ńlá!"

"Ẹni tó ń gun òpó ọkọ̀ ló wá já látorí àpótí? Òǹkọ̀wé, ọ̀lẹ ni yín."

Orúnkún Ewúrẹ́ ló wá gbé e dé góńgó: "Ó hàn pé ẹni tó kọ eléyìí ò rí ibi tí èèyàn ti ń kú rí."

Orí ìdúró ni alágbàfọ̀ ti kà á, áyọ́ọ̀nù wà lọ́wọ́ kejì. Òórùn aṣọ tó ń jóná ló ta á jí. Ó gbé áyọ́ọ̀nù kúrò, ó sì ti gbogbo ẹnu pa níbẹ̀, ẹnu rere, ẹnu burúkú. Kò sẹ́ni tó lè kọ nǹkan kan mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ìyá ọkọ ẹ̀ ni, tó ń gbé lódìkejì ìlú, tí orúnkún ò jẹ́ kó máa jáde.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá." Àbúrò ti kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣeun. Ó dáa tí ilẹ̀kùn tibí yìí ṣì ń ṣí." Màmá jókòó, ó mí. "Ìyàwó mi, mo fẹ́ kọ nǹkan síbẹ̀, ó ní kò sáyè."

"Síbo, Màmá?"

Ìyá àgbà yọ fóònù nínú báàgì, ó gbé e lé tábìlì. Fìtílà kékeré ló wà lójú ẹ̀. Àbúrò fọwọ́ bo ẹnu.

"Láti ìgbà wo, Màmá?" alágbàfọ̀ béèrè.

"Láti ìgbà tó ti fẹ́ omi tútù. Tíì ló bó o lẹ́nu ní kékeré, àtìgbà yẹn ló ti ń fẹ́ gbogbo nǹkan. Ta ló tún mọ ìyẹn, yàtọ̀ sí èmi àtìwọ?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kó sinmi."

"Èmi ni. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lo ń jí i dìde fún mi. Màá rẹ́rìn-ín tán, màá tún lọ sin ín. Ó rẹ̀ mí." Ó fi àtàǹpàkò nu ojú fóònù. "Mi ò mọ̀ pé ikú ẹ̀ gan-an lo máa gbé síbẹ̀. O sọ fún mi pé kò sọ̀rọ̀. O ní bó ṣe ṣubú, bẹ́ẹ̀ ló lọ."

"Mo rò pé ìyẹn á rọ̀ yín lọ́rùn ni, Màmá."

"O fi kún un ni, àbí? Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ níbẹ̀ nìyẹn. Irọ́ ni, àbí? Ìtàn ni."

Àbúrò ń fi ojú bẹ ẹ̀gbọ́n ẹ̀: ẹ ní irọ́ ni, ẹ kàn ní irọ́ ni.

"Òótọ́ ni, Màmá. Ó dárúkọ yín."

Màmá mi orí, ó mi orí.

"Orúnkún Ewúrẹ́ ti kà á?"

"Ó ti kà á."

"Ó tiẹ̀ ní wọn kì í kú báyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Gbogbo ayé ló ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ọmọ mi sọ kẹ́yìn. Wọ́n ti fi ṣẹ̀sín tán. Ó wá kàn mí, o tì í."

Ó dìde. Alágbàfọ̀ tẹ̀ lé e sọ̀ kalẹ̀ láìwọ bàtà. "Màmá, màá ṣí i. Màá ṣí i nísinsìnyí."

"Ṣé ọ̀rọ̀ fóònù lo rò pé mò ń sọ?"

Ní ibùdókọ̀, ìyá àgbà na àtẹ́lẹwọ́ sẹ́yìn, kò tiẹ̀ wojú ẹ̀. "Dúró síbẹ̀. Má tíì bá mi sọ̀rọ̀."

Ó dúró. Bọ́ọ̀sì dé. Màmá gbé ẹsẹ̀ kan, ó sinmi, kó tó lè gbé ìkejì. Alágbàfọ̀ ti na ọwọ́ láti dì í nígbọ̀nwọ́ mú. Ó fa ọwọ́ ọ̀hún padà.