Àbúrò Mi Tí Wọ́n Sọ Di Ìyá Mi

Inú ń bí mi. Èmi Jàmíù ọlọ́kadà nìyí, tí wọ́n bá ń da tíì sí kọ́ọ̀bù n'Íjagbo, màá ti gbéra l'Ọ́fà débẹ̀ kí kọ́ọ̀bù tó kún. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá gun ẹ̀yìn ọ̀kadà mi.

Nàfísàt ni àbúrò mi. Ọdún méjì péré ni mo fi jù ú lọ. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá pàdé ẹ̀ lọ́nà, ẹ ó kúnlẹ̀ kí i. Ó ku díẹ̀ kó pé ogún ọdún nirun ẹ̀ ti funfun bí òwú. Ohùn ẹ̀ rí tín-ín-rín, nǹkan funfun bo ẹyinjú ẹ̀, ṣúgà wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, egbò sì wà lọ́rùn ẹsẹ̀ ẹ̀ tí ò jinná láti ọdún mẹ́ta. Ọsibítù kan là ń lọ, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Wọ́n ní ara àgbà ni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Nọ́ọ̀sì Àrìnpé gbé pépà àti íńkì wá bá mi.

"Jàmíù, ọmọ gidi. Tẹ̀ka síbí. Lọ́la ni wọ́n fẹ́ gé ẹsẹ̀ màmá."

Mi ò mọ̀wé. Kẹ́ ẹ kọ A kó ga tó òpó iná, abẹ́ ẹ̀ ni màá gbà kọjá. Mo ní, "Ẹ kà á sí mi létí ná."

"Èmi, ọmọ aláìsàn, gbà kí wọ́n gé ẹsẹ̀ ìyá mi, ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin."

"Ìyá ta ni?"

"Ìyá ẹ."

Nàfísàt gbọ́ ọ lórí bẹ́ẹ̀dì. "Bùọ̀dá mi, ẹ má tẹ̀ ẹ́ o."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. "Wọ́n tún ti ń pè ẹ́ ní bùọ̀dá. Ó ti wà nínú fáìlì pé màmá ti ń ṣarán. Màmá, ọmọ ọdún mélòó lẹ ní ẹ jẹ́?"

"Méjìdínlọ́gbọ̀n."

"Ṣé o gbọ́?"

Mo bú jáde. Mo pariwo débi pé àwọn ará Ẹ̀rìn-Ilé á ti rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí àwọn àti Ọ̀fà ń jà lé lórí ló tún dé. Mo ní àbúrò mi ni, ọmú kan náà la mu. Mo ní tí wọ́n bá fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yẹn, màá gun ọ̀kadà wọ yàrá tí wọ́n ti ń la èèyàn.

"Jàmíù, gbogbo èèyàn ló mọ̀ ẹ́," Nọ́ọ̀sì ní. "Ìwọ tó o ní o fọ̀kadà gbé màlúù méjì."

"Ọ̀kan ni."

Ariwo yẹn ló gbé Dókítà Olúyẹmí jáde. Obìnrin kékeré kan ni, kò tíì pé oṣù kan tó dé. Kò ní kí n panu mọ́. Ó jókòó ti Nàfísàt.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń pè wọ́n ní bùọ̀dá?"

"Torí pé wọ́n jù mí lọ ni."

Ọdún mẹ́ta, ẹnikẹ́ni ò bèèrè yẹn rí. Dókítà ní ta ló lè jẹ́rìí sí i. Mo pe ìyá tó bí wa gan-an lórí fóònù, ó wà lóko ẹ̀gẹ́ l'Ójòkú, ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta. Dókítà bi í bóyá Nàfísàt tún ga sí i lẹ́yìn tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ìyá wa ní rárá. Ó bi í pé báwo ni òun àti bàbá wa ṣe jẹ́ síra wọn.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni."

Dókítà fa pépà yẹn ya. Ó ní àìsàn kan wà tí í mú ara gbó ṣáájú ọjọ́, kì í wọ́pọ̀. Ó ní torí pé ẹbí kan náà ni wọ́n, bàbá wa gbé ìdajì ẹ̀, ìyá wa gbé ìdajì, kò ṣe ara wọn ní nǹkan kan. Ara Nàfísàt ni ìdajì méjèèjì ti pàdé. Wọ́n á fi ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ránṣẹ́ sọ́nà jíjìn kó lè dájú. Kò sóògùn tó lè dá a padà, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ ṣeé tọ́jú, wọ́n á máa ṣọ́ ọkàn ẹ̀, ẹnì kan ò sì ní sáré gé ẹsẹ̀.

Mo kọjú sí Àrìnpé. "Ẹ ti rí i. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ di arúgbó."

"Ta ló kọ́kọ́ pè é ní ìyá ẹ?" ó ní.

Nàfísàt ló dáhùn. "Bùọ̀dá mi ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n máa ń dá àwọn arúgbó lóhùn ṣáájú níbí, bùọ̀dá mi wá ní ìyá àwọn ni mí, ká lè fo àwọn tó tò sórí ìlà."

Dókítà wò mí. "Èèyàn mélòó lẹ fò?"

Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, ǹ bá ní igba.

"Méje," mo ní.